Àbàtà Somerset: ẹyẹ ti padà, píìtì ò tíì padà

Ìròyìn ẹyẹ bittern ti gba ẹnu àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú esùsú ló máa ń fara pa mọ́ sí, ohùn akọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kà á. Lọ́dún 1997, akọ 11 péré ni wọ́n gbọ́ ní gbogbo Ìlú Ọba. Lónìí wọ́n ti lé ní 200, àbàtà Somerset sì wà lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù. Inú kòtò tí wọ́n ti wa píìtì tán ni wọ́n ń gbé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá gbà gbọ́ ni pé ilẹ̀ náà ti padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó fi ọkọ́ kàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Koríko, mọ́ọ̀sì àti gbòǹgbò tó kú sínú omi, tí kò sì jẹrà tán, ni píìtì. Nínú oko tiwa, bí ewé bá já bọ́, kò ní pẹ́ tí ikán, olú àti àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí yóò fi sọ ọ́ di ilẹ̀dú. Ọ́síjìn ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nínú omi adágún, ọ́síjìn kì í pẹ́ tán, nítorí náà ewé tó bá rì síbẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀, òmíràn á sì gorí rẹ̀. Nǹkan bíi mìlímítà kan ni píìtì ń ga lọ́dún; mítà kan lè gba ẹgbẹ̀rún ọdún. Kábọ́ọ̀nù tí koríko náà fà látinú afẹ́fẹ́ nígbà tó wà láàyè á há síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ píìtì, tí kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé lọ, fi ní kábọ́ọ̀nù nínú ju gbogbo igi inú igbó àgbáyé lọ.

Ẹ wo ohun tí omi yìí tọ́jú. Lọ́dún 1970, Ray Sweet, tó ń ṣiṣẹ́ píìtì ní Somerset, ṣe kòńgẹ́ pákó kan nínú ilẹ̀. Ara ọ̀nà onípákó ni, tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ tẹ́ gba orí àbàtà kọjá. Òrùka inú igi náà fi hàn pé ìgbà òtútù ọdún 3807 sí 3806 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n gé e. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti rí orí àáké olókùúta jéèdì kan tó wá láti òkè Alps, tí kò jọ pé wọ́n fi gé igi rí. Títí di òní, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi sí apá kan ọ̀nà náà ní Shapwick Heath, torí bí ọ́síjìn bá dé ibẹ̀, pákó tó ti lo nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí píìtì yòókù nìyẹn. Wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ kí wọ́n lè rí i wà, kí wọ́n sì dì í sínú àpò fún àwọn tó ń dá ọgbà. Ọ́síjìn wọlé, kòkòrò jẹun, kábọ́ọ̀nù gba ojú ọ̀run lọ. Nígbà tí wíwà náà dáwọ́ dúró, omi kún kòtò. Ní Ham Wall, lára àbàtà Somerset, RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin esùsú síbẹ̀ láti ọdún 1994, wọ́n sì ń fi ìlẹ̀kùn omi díwọ̀n jíjìn rẹ̀, kí bittern lè dúró nínú rẹ̀ pẹja. Kódà lékeléke, tí a mọ̀ mọ́ ẹ̀yìn màlúù nílé, Somerset ló ti kọ́kọ́ pamọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2008.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gan-an. Àmọ́ píìtì tó lọ ti lọ. Esùsú lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn, díẹ̀díẹ̀. Omi tuntun náà sì ń tú gáàsì mítéènì tó ń mú ayé gbóná jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ilẹ̀ tútù ṣì sàn ju èyí tí wọ́n fa gbẹ lọ, bí ọdún bá ń gorí ọdún. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹyẹ Somerset ṣe àwáwí pé ká wa píìtì tán ná, ká tún ilẹ̀ náà ṣe tó bá yá. Àwọn èèyàn wa tó ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé ní London lè wo ara àpò ilẹ̀ tí wọ́n ń rà, bóyá píìtì wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ píìtì ńlá kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tiwa náà, ní àárín gbùngbùn agbada odò Kóńgò. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí bílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù ló wà nínú píìtì ibẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìjọba Kóńgò ti Kinshasa gbé àwọn ilẹ̀ epo síta fún títà, àwọn kan sì wọ inú ilẹ̀ píìtì yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni ibi tí omi yóò gbà.