Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Rántí Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, kò sí ohùn tí a mọ̀ ju ohùn agogo lọ. Agogo ní í jí wa, òun ní í pè wá sí àdúrà òwúrọ̀, òun náà ní í sì sọ fún olùkọ́ pé àkókò rẹ̀ ti tán. Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí olúkúlùkù sì ń sọ ohun tí ó rántí, àwa ọmọ ẹgbẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà yàn láti kọ̀wé nípa irú ìrántí kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí: bí kọ̀ǹpútà ṣe ń rántí ibi tí iṣẹ́ dé nígbà tí a bá dá a dúró lójijì. Agogo ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà, ó sì kọ́ wa pẹ̀lú ìtìjú, gẹ́gẹ́ bí a ó ti sọ níwájú.

Bí a bá dárúkọ kọ̀ǹpútà, èyí tí ó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n ni ó máa ń wá sí ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jaburata kọ̀ǹpútà ni kò ní ojú rárá. Inú ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fara pamọ́ sí: inú bíréèkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, inú mítà iná mànàmáná, inú ẹ̀rọ tí ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gbọdọ̀ dáhùn láàrin àkókò tí a dá fún wọn. Bí ìdáhùn bá tọ̀nà ṣùgbọ́n tí ó pẹ́, àṣìṣe ni a kà á sí. Bíréèkì tí ó mú lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kọlu ògiri, kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ọpọlọ kan ṣoṣo, ohun kan ṣoṣo ni ó sì lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé olùkọ́ ìṣirò tí ó ń yanjú ìbéèrè gígùn kan lórí pátákó. Bí olùkọ́ bá ń sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá àlejò wà níbẹ̀, ìṣirò kò ní tán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun tí ó dára ni pé kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kánjúkánjú kan ilẹ̀kùn. Kíkan ilẹ̀kùn yìí ni a ó máa pè ní ìdílọ́wọ́. Aago inú ẹ̀rọ lè kàn án, bọ́tìnnì tí a tẹ̀ lè kàn án, ohun èlò tí ń wọn ooru tàbí ìwọ̀n omi sì lè kàn án. Bí ó bá ti dún, ọpọlọ ẹ̀rọ yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò ṣe ètò ìdáhùn tí ó bá ìdílọ́wọ́ náà mu, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Pípadà yìí gan-an ni ìṣòro. Pátákó kan ṣoṣo ni ó wà nínú yàrá. Bí ẹni tí ó wọlé bá ní ìkéde tí ó fẹ́ kọ, orí pátákó yẹn náà ni yóò kọ ọ́ sí. Ọpọlọ ẹ̀rọ ní irú pátákó bẹ́ẹ̀: àwọn àpótí kéékèèké tí a ń pè ní rẹ́jísítà, níbi tí ó ń kó nọ́ńbà tí ó ń lò lọ́wọ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn mọ àṣẹ tí ó kàn. Òmíràn ń tọ́jú èsì àfiwé tí a ṣe kẹ́yìn, bóyá nọ́ńbà méjì dọ́gba tàbí wọn kò dọ́gba. Gbogbo ohun tí ó wà nínú àwọn àpótí náà nígbà tí ìdílọ́wọ́ dé ni ipò iṣẹ́. Ẹni tí ó wọlé gbọdọ̀ kọ́kọ́ da ohun tí ó wà lórí pátákó kọ sínú ìwé, kí ó tó nù ún. Bí ó bá parí, yóò tún un kọ bí ó ti bá a, láìyẹ̀ kan. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, olùkọ́ lè ta kú pé ìṣirò òun kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í jiyàn. Ohun tí ó bá bá lórí pátákó ni yóò máa bá lọ.

Ibi tí a ń tọ́jú ipò iṣẹ́ sí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní stack. Ó rí bí àwo tí a tò lé ara wọn nínú yàrá ìjẹun: èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn ni a óò kọ́kọ́ mú. Ètò yìí wúlò púpọ̀, nítorí ìdílọ́wọ́ tí ó ṣe kókó jù lè dé nígbà tí a ṣì ń dáhùn èyí tí ó kéré. Ti ìkejì yóò wà lórí ti àkọ́kọ́. Bí a bá parí ìkejì, a ó mú tirẹ̀ kúrò, a ó sì bá ti àkọ́kọ́ níbi tí a fi í sí.

Kì í ṣe gbogbo ọpọlọ ẹ̀rọ ni ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ ní ìwọ̀n kan náà. Èyí tí a ń pè ní ARM Cortex-M3 máa ń fúnra rẹ̀ kó rẹ́jísítà 8 pamọ́ kí ètò ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ibi ìrántí rẹ̀ kò bá fà á sẹ́yìn, ìlù aago 12 ni èyí ń gbà. Bí aago rẹ̀ bá ń lù ní ìgbà 72,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá 1 nínú 6,000,000 ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ kan pátápátá bọ́ sí òmíràn, ètò ìṣàkóso yóò tún kó rẹ́jísítà 8 yòókù pamọ́ sórí stack iṣẹ́ náà, yóò sì gbé ti iṣẹ́ tí ó kàn jáde. Báyìí ni iṣẹ́ púpọ̀ ṣe ń pín ọpọlọ kan lò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a wá jẹ́wọ́ tiwa. Ẹgbẹ́ wa kan ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa lu agogo ilé-ẹ̀kọ́, a sì lo ọpọlọ ẹ̀rọ ATmega328P. Bí ìdílọ́wọ́ bá dé, irú èyí kì í tọ́jú ju àdírẹ́sì àṣẹ tí ó kàn lọ; ẹni tí ó kọ ètò ni ó ni ìyókù. Èdè ẹ̀rọ gan-an ni a fi kọ ètò ìdáhùn tí ń ka ìlù aago. A tọ́jú rẹ́jísítà tí a fi ń ṣe àròpọ̀, a sì gbàgbé èyí tí ń tọ́jú èsì àfiwé.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láìṣìnà, gbogbo ènìyàn sì ń yìn wá. Ní ọjọ́ ìdánwò ìgbaradì àwọn ọmọ kíláàsì tí ó ga jù, agogo tí ó yẹ kí ó dún ní aago mẹ́wàá kò dún. Gbọ̀ngàn kan fi ọwọ́ gbé aago olùkọ́, wọ́n dá ìwé dúró. Èkejì ń kọ ìwé lọ. A ní láti tún ìdánwò náà ṣe. Ìná mànàmáná ni a kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n iná kò lọ ní òwúrọ̀ náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ètò wa ń fi àkókò wé àkókò agogo. Ní aago mẹ́wàá, méjèèjì dọ́gba, rẹ́jísítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n dọ́gba. Kí àṣẹ tí ó kàn tó ka èsì náà, ìdílọ́wọ́ wọlé, ó ṣe àròpọ̀ tirẹ̀, ó sì fi èsì tirẹ̀ sí orí ti wa. Nígbà tí ètò padà, "wọn kò dọ́gba" ni ó bá, ó sì kọjá lọ. Àlàfo tí èyí lè bọ́ sí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sẹ̀ méjì fi kọjá kí ó tó ṣẹlẹ̀. Àṣẹ díẹ̀ ni a fi tún un ṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá a. Agogo lásán ni tiwa. Kí ni à bá sọ bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí ni?

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ ewu yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ń sọ̀kalẹ̀ sórí òṣùpá nínú ọkọ̀ Eagle, nígbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà 1202 kìlọ̀. Kọ̀ǹpútà náà fi àyè onípò 12 fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti tọ́jú ipò rẹ̀. Rédà kan ń jẹ lára àkókò rẹ̀ láìnídìí, iṣẹ́ ń wọ́ jọ, àyè sì tán. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ètò náà ní MIT, lára wọn Hal Laning àti Margaret Hamilton, ti múra sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà pa gbogbo iṣẹ́ rẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ibi tí àwọn iṣẹ́ pàtàkì dé sílẹ̀. Ó gbé ìdarí ẹ́ńjìnnì padà níbi tí ó ti dúró, ó sì fi èyí tí kò ṣe kókó sílẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ wọn ní Houston, bíi Steve Bales àti Jack Garman, mọ ohun tí ìkìlọ̀ náà túmọ̀ sí, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ọkọ̀ náà sì gúnlẹ̀ láìséwu. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ó gba ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́ wa, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀. Ìdílọ́wọ́ kì í ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tí ó wọlé tí kò dá pátákó padà bí ó ti bá a ni ó ń bà á jẹ́. Ẹ tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ óò fọwọ́ kàn, ẹ dá a padà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀, nítorí ẹlòmíràn lè máa kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀rọ yín bá sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má tíì yọ̀; ẹ padà lọ ka ètò ìdáhùn yín lẹ́ẹ̀kan sí i.