Àpò kékeré tó lè gba ẹ̀mí àgbẹ̀ là lóko, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń tò ó

Ewu inú igbó kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ayébáyé. Ejò ṣì wà lábẹ́ ewé, odò ṣì ń kún lójijì, àdá ṣì ń yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣánko, ilẹ̀ sì ṣì ń ṣú bá ènìyàn níbi tí kò ti rò ó. Ohun tó yí padà ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó kù sídìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní abúlé ilẹ̀ Yorùbá lóde òní jẹ́ àgbàlagbà. Àwọn ọmọ ti gba Èkó àti Ìbàdàn lọ, bàbá tàbí ìyá nìkan ló wá ń dá lọ sí oko ẹgàn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọ̀kadà náà ti fò sókè, débi pé àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn mìíràn sì ń sùn sí ahéré fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí wọ́n má baà san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́.

Bí ohun kan bá ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ju àdá, ike omi kan, àti fóònù tí iná rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ.

Àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdẹ kì í wọ igbó láìgbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Inú àpò yẹn ni ìṣáná wà, ìyẹn òkúta àti irin tí wọ́n fi ń ṣá iná kí orúkọ náà tó di ti ẹlẹ́pàálí. Ọ̀bẹ wà níbẹ̀, omi wà nínú kèrègbè, oúnjẹ gbígbẹ sì wà. Nígbà tí ayé ń lajú, fìtílà kábáàdì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí kún un fún àwọn tó ń dẹ ìgbẹ́ lóru. Àwọn òyìnbó ti sọ irú àpò bẹ́ẹ̀ di òwò ńlá báyìí, tí wọ́n ń tò ó pọ̀ tí wọ́n sì ń tà á lówó gọbọi fún àwọn tó ń lọ gbafẹ́ nínú igbó. Àgbẹ̀ kò nílò ìyẹn. Ohun tó wà lórí àtẹ ní ọjà abúlé, àti èyí tí wọ́n ń dà sí ààtàn, ti tó.

Ike oníderí tó ń yí pa, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ohun mímu oníyẹ̀fun tàbí ìpara, ló dára jù láti kó ẹrù náà sí, nítorí òjò kò ní wọ inú rẹ̀. Ike tí wọ́n ti lò tán nínú ilé kò náni ní kọ́bọ̀. Ike yìí ni wọn yóò gbé sínú àpò tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán, tó ní okùn tí wọ́n lè gbé kọ́ ọrùn. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ gbé, ìdí igi ni wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀ sí.

Iná ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tí òjò pa lóru tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lù, ara rẹ̀ lè tutù débi pé kò ní lè ronú dáadáa mọ́, àgbàlagbà ni èyí sì máa ń tètè mú. Ìṣáná tó ti rin kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n yọ́ àbẹ́là sínú agolo, kí wọ́n ri orí ìṣáná bíi ogún bọ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ. Bí omi bá tilẹ̀ kàn án, yóò ṣì mú iná bí wọ́n bá fi èékánná ha àbẹ́là orí rẹ̀ kúrò. Ẹ̀gbẹ́ páálí tí wọ́n ń ṣá a sí gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Láítà kan lè tẹ̀ lé e.

Ní ti ohun tí iná yóò kọ́kọ́ mú, tíúbù kẹ̀kẹ́ tàbí ti ọ̀kadà tó ti bẹ́ wúlò ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, àwọn fọkanáísà sì ń jù ú nù ni. Bí wọ́n bá gé e ní gígùn ìka ọwọ́, yóò jó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kódà bí igi bá tutù. Òwú tí wọ́n fi fasilíìnì pa náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èéfín tíúbù kò dára láti fà símú o, iná rẹ̀ kì í sì í ṣe iná tí ènìyàn fi ń sun iṣu. Lásìkò ọyẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ dáná tu koríko àyíká rẹ̀ kúrò ná, kí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ má di ẹni tó jó oko kòkó aládùúgbò.

Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ṣe kókó. Bí ó bá jẹ́ oníbátìrì, kí wọ́n yí ẹyọ bátìrì kan sódì nínú rẹ̀, kó má baà tan fúnra rẹ̀ nínú àpò. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọn á yí i padà. Nígbà tí fóònù Nokia 1100 jáde lọ́dún 2003, tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ará oko fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, kò yẹ kí fóònù máa ṣe iṣẹ́ tọ́ọ̀ṣì ní ìgbà ìṣòro. Bí iná inú rẹ̀ bá tán, ìpè náà tán nìyẹn.

Fèrè rẹfirí wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ẹrù yìí, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í rántí rà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣubú láti àná, tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, kò lè pariwo fún wákàtí kan. Fèrè kò gba agbára, ìró rẹ̀ sì ń lọ jìnnà ju ohùn ènìyàn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí wọ́n fọn ún léraléra, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì yìí ni àwọn tó ń rìn lórí òkè àti nínú igbó káàkiri ayé fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Kò ní ìtumọ̀ lábúlé tí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí náà ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́, kí àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tó ń yí igbó ká sì gbọ́ sí i.

Omi ni ìṣòro ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí èyí tí wọ́n gbé láti ilé bá tán, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tí wọ́n ká ní ìlọ́po sẹ́ omi odò, kí wọ́n sì sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Agolo ńlá kan nínú àpò ló máa di ìkòkò. Àwọn àgbàlagbà kò tíì gbàgbé sobìà, tó máa ń so àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé lásìkò iṣẹ́ gan-an. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi sì wà lára ohun tó lé e lọ. Bí kò bá sí iná, ike funfun tó mọ́ gaara, tí omi inú rẹ̀ kò dọ̀tí, ni kí wọ́n tẹ́ sínú oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ méjì ni.

Ìgbẹ́ gbuuru lóru nínú ahéré kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ fún bàbá àgbà náà. Ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, sínú lítà omi kan. Ike 50cl méjì ló ń jẹ́ lítà kan. Kí wọ́n má ṣe fojú díwọ̀n iyọ̀, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ léwu. Ilé ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kí wọ́n di i sínú ọ̀rá kékeré, kí wọ́n so ó gírígírí. Tí ìṣòro bá dé, kí wọ́n kàn tú u sínú omi mímọ́ ló kù.

Ọ̀rọ̀ ejò ló gba àkíyèsí jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni oró ejò ń pa káàkiri ayé lọ́dọọdún, ọdún 2017 ni wọ́n sì fi í sára àwọn àrùn tí ayé ti pa tì. Àwọn àgbẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ni ejò sì máa ń sábà bù jẹ. Ìdí nìyí tí bàtà òjò onírọ́bà tó gùn dé ojúgun fi yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ohun tó wà nínú àpò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wọ́n jù nínú wọn. Àìmọye ènìyàn ló ní in tó jẹ́ pé ọjọ́ òjò nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́.

Bí ejò bá ti bu ènìyàn jẹ, ohun tí ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń lọ sí ni abẹ fún sísín àti okùn fún dídè. Méjèèjì ń dá kún ọ̀ràn. Okùn tí wọ́n dè le koko lè mú kí ẹsẹ̀ kú, gbẹ́rẹ́ sì lè ṣẹ ẹ̀jẹ̀ tí kò ní dá mọ́, nítorí oró ejò mìíràn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Fífi ẹnu fa oró àti òkúta dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ kò yọ ohunkóhun. Ohun tó yẹ ni kí ẹni náà kúrò nítòsí ejò, kí ó jókòó, kí ó bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà tó fún un kí ibẹ̀ tó wú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi igi méjì gbè é bí ẹni tó ṣẹ́ egungun, kí wọ́n fi aṣọ dì í, kì í ṣe pé kí wọ́n fún un pa, kí ẹsẹ̀ náà má ṣe yí rárá. Ìdí tí ògbólógbòó ìró kan tí wọ́n ya sí mẹ́ta fi yẹ kí ó wà nínú àpò nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ejò tutọ́ sí ènìyàn lójú, omi púpọ̀ ni kí wọ́n fi ṣàn án, kí wọ́n má fọwọ́ ra á.

Gbígbé ni kí wọ́n gbé e, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Orí ọ̀kadà, àárín ẹni méjì ni wọn yóò gbé e sí. Kò gbọ́dọ̀ lo asipiríìnì fún ìrora, nítorí ẹ̀jẹ̀. Parasitamọ́ọ̀ ló dára. Kí wọ́n rántí aago tó bù ú jẹ, kí wọ́n má sì fi àkókò ṣòfò láti wá ejò náà pa. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò kò sí ní gbogbo ilé ìwòsàn, ó sì wọ́n. Ọ̀kan lára èyí tí wọ́n ṣe fún ejò ilẹ̀ Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè Costa Rica ni wọ́n ti ṣe é. Nítorí náà, ìgbà tí ara le ni kí wọ́n ti lọ béèrè ilé ìwòsàn tó ní in nítòsí, kí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé inú àpò. Ẹni tí ejò bù jẹ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní àyè láti máa ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn.

Aṣọ yìí kan náà ni fún ojú ọgbẹ́ àdá. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ gírí, kí wọ́n má máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà sókè. Kò sí ohun tí kẹrosíìnì tàbí ìgbẹ́ màlúù ń wá lójú ọgbẹ́. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ló kàn.

Ìwé pélébé nínú ọ̀rá ló yẹ kí nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ wà, nítorí fóònù tó kú kò lè sọ nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kọ 112 mọ́ ọn, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì tí wọn kì í gba owó lé lórí. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kí ó kọ ọ́ síbẹ̀, kí ó sì kó oògùn ọjọ́ méjì sí i. Ṣúgà oníhóró mélòó kan yóò wúlò fún alátọ̀gbẹ tí oògùn bá mú kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Gààrí àti kúlíkúlí díẹ̀ kò ju inú ọ̀rá kan lọ. Ọ̀rá ńlá kan tí wọ́n fi ń bo ẹrù lójú òjò ni kí wọ́n fi kún un, wọ́n lè fi bora, wọ́n sì lè ta á sórí igi bí àtíbàbà.

Ohun kan wà tí àpò kankan kò lè ṣe, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ odò. Ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí òjò alẹ́ kan gbé afárá, ilé àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Odò oko tó kún lẹ́yìn òjò, tí omi rẹ̀ pọ́n tó ń gbé ẹ̀ka igi, ìdúró ni kí ènìyàn dúró dè é. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó sábà máa ń fà. Ẹni tó ní iná, ọ̀rá àti gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní rí ìdí láti fi ẹ̀mí wéwu nítorí oúnjẹ alẹ́.

Kí àgbẹ̀ tó jáde nílé, kí ó sọ oko tó ń lọ, ọ̀nà tí yóò gbà àti ìgbà tí yóò dé fún ẹnì kan, kódà bó jẹ́ aládùúgbò. Kí wọ́n jọ fẹnu kò sí aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ibi tí wọ́n ń fi àdá kọ́ ni kí àpò náà wà, kí ọwọ́ lè bà á pa pọ̀ pẹ̀lú àdá. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta kí wọ́n tú u wò: bátìrì máa ń jẹrà, eèrà máa ń rí ọ̀nà wọ inú ṣúgà, àwọn ọmọdé sì máa ń yọ fèrè lọ.