Ilẹ̀kùn àbáwọlé: ṣé igi ni ká kàn ni, àbí ká ra fáíbà?

Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Adja-Ouèrè, ní Ikpinlè, ní Massè tàbí ní abúlé tó yí wọn ká mọ̀ pé bí páànù bá ti gorí ilé, ọ̀rọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ìgbà náà gan-an ni owó ń tán lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn káfíńtà wa, fáíbà tún wà tó ń ti òkèèrè wá, tó ń dán, tó sì fúyẹ́. Èwo ni ká mú?

Òwú tí wọ́n fi dígí ṣe, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle mú pọ̀, ni awọ ilẹ̀kùn fáíbà. Fóòmù ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Kì í mu omi, kì í wú, ikán kì í sì í jẹ ẹ́. Nílẹ̀ tiwa, tí òjò ń rọ̀ ní sáà méjì lọ́dún, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo férémù rẹ̀. Bó bá jẹ́ igi tí kò le, ikán á fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, á jẹ férémù. Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n fi igi sí nínú rẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá lu ihò síbi tí fóòmù nìkan wà, ìṣó onígìrì kò ní rí nǹkan dì mú, iṣẹ́ olè á sì rọrùn. Bó bá sì là, pákó àti ìṣó káfíńtà kò lè tún un ṣe. Ẹ wọn ilẹ̀kùn náà kí bíríkìlà tó mọ ojú ọ̀nà, torí kò ṣeé gé bó ṣe wù wá.

Ní ti igi, káfíńtà abúlé lè tún un ṣe, ó sì lè kàn án bá ojú ọ̀nà tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ju igi lọ. Inú ìrókò àti inú tíìkì, níbi tó pọ́n, le fún ikán. Apá funfun tó sún mọ́ èèpo kò rí bẹ́ẹ̀. Afárá àti arère kì í pẹ́ níbi tí òjò ti ń nà wọ́n. Tíìkì kò sì jìnnà sí wa: oko tíìkì ìjọba wà ní Djigbé, Agrimey àti Toffo.

Pákó tútù ló ń ba ilẹ̀kùn igi jẹ́ jù. Wọ́n á kàn án lákòókò òjò, bí ọyẹ́ bá dé, á sún kì, á sì là. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ti la pákó náà. Kí fáníìṣì kan orí àti ìdí ilẹ̀kùn pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé jù.

Igi tí òjò kò nà máa ń pẹ́. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, láàárín ọdún 1910 sí 1914, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní.

Nítorí náà, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá bo ojú ilẹ̀kùn yín, ìrókò tàbí tíìkì gbígbẹ tó. Bí òjò bá ń lù ú tààrà, tí férémù rẹ̀ sì dára, fáíbà lè san owó rẹ̀ padà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọlé. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, férémù àti kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.