Owó Táṣẹ́rẹ́, Ọ̀nà Jíjìn: Bí Ará Ìsọlọ̀ Ṣe Lè Rin Kọ́ńtínẹ́ǹtì Méjì

Àwọn tó ń gbé ní Mafoluku mọ ohùn bàálù ju ohùn àkùkọ lọ. Pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà sí wọn rárá. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ rin ayé láti Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀, ibùdókọ̀ Cele ni kó kọ́kọ́ kọjú sí. Láti Cele, ọkọ̀ ń lọ sí Mile 2. Láti Mile 2, ọkọ̀ ń lọ sí bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Láti ibẹ̀, Kútọnu, Lomé, Accra, títí dé Àbíjàn. Nínú gbogbo ìrìn yìí, kò sí orílẹ̀-èdè kan tí yóò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà.

Ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn, kó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀ láìgba físà. Ibi tí ètò tiwa ti yàtọ̀ sí ti òyìnbó nìyẹn. Òyìnbó á mú ìlú tó wù ú, á wá wá bàálù olówó pọ́ọ́kú débẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìrìnnà ló ń kọ́kọ́ yan ìlú, lẹ́yìn náà ni owó á wá sọ tirẹ̀, kí ó tó kan ohun tó wu ọkàn.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìwé ìrìnnà olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún 5 ti di ₦100,000. Olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún 10 sì di ₦200,000. Ẹ mú kékeré. Láti Èkó dé Accra, bọ́dà mẹ́ta ni ẹ ó kọjá, sítáǹbù méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti ìjáde àti ti ìwọlé. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ méjìlá, ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún sì gbà á. Ohun kejì ni yẹ́lò káàdì, ìyẹn ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì ọ̀hún tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń sáré wá ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni à ń gbà á. Káàdì tí ẹnì kan bá tà fún yín láìgún yín lábẹ́rẹ́, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Bọ́dà gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Ọkọ̀ ńlá kan lè gbé yín láti Èkó dé Accra, ẹ sì lè máa já ọkọ̀ kan kí ẹ wọ òmíràn. Ìkejì ló sábà máa ń dínwó, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fẹsẹ̀ rìn dé iwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè. Àwọn ọlọ́kadà á ní àwọn mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tó yá jù. Ẹ má bá wọn lọ. Ẹni tí kò ní sítáǹbù ìwọlé máa jẹ́jọ́ nígbà tó bá ń jáde, owó tó sì máa ná síbẹ̀ á ju owó ọkọ̀ lọ. Ìwé tuntun tí kò tíì ní sítáǹbù kankan tún máa ń fa ojú àwọn kan mọ́ra. Wọ́n á béèrè owó tí kò sí nínú òfin kankan. Ẹ ní sùúrù, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń kánjú.

Owó CFA kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin, Tógò, Côte d'Ivoire àti Senegal. Gánà nìkan ló dá yàtọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Nítorí náà, CFA nìkan ni kí ẹ ṣẹ́ náírà sí, kí ẹ wá ṣẹ́ ìwọ̀nba sídì tí ẹ fẹ́ fi la Gánà kọjá. Wọ́n ti so CFA mọ́ owó yúrò, 655.957 sí ẹyọ yúrò kan, kì í lọ sókè-sódò bíi náírà. Ẹni tó bá ń tọ́jú owó fún ọdún kan, kó máa rà á díẹ̀díẹ̀. Tí èésú lẹ fẹ́ fi kó o jọ, ẹ gba nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn pátápátá, kí ẹ má baà máa ro gbèsè ní Lomé.

Ní ti ibùsùn, ohun tí ọmọ Yorùbá ní pọ̀ ju bó ti rò lọ. Ní Àjàṣẹ́ ti Benin, Yorùbá yín á gbé yín dé ibi tó dára. Ní Àbíjàn, ẹ béèrè àwọn ará Ẹ̀jìgbò. Kì í ṣe Ejigbo tó wà lẹ́bàá Ìsọlọ̀ níbí o. Ti Ọ̀ṣun ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n ń ṣòwò, débi pé ọkọ̀ máa ń gbéra láti Ẹ̀jìgbò tààrà lọ sí Àbíjàn. Ẹni tó bá ní ará ilé, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ará mọ́ṣáláṣí nínú wọn, kó ti bá a sọ̀rọ̀ kó tó kúrò nílé.

Kọ́ńtínẹ́ǹtì kejì wá ńkọ́? Bàálù dé nìyẹn. Ibi tó rọrùn jù ní Éṣíà fún ìwé tiwa ni Maldives. Wọ́n ń fún ọmọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè, títí kan tiwa, ní físà ọjọ́ 30 lọ́fẹ̀ẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú wọn, bí ẹ bá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ẹ̀rí ibi tí ẹ ó sùn, owó tó tó ná àti yẹ́lò káàdì. Àwọn olówó ló ń sùn nínú ilé orí omi. Ẹ̀yin, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn ará ìlú láti Malé lọ sí erékùṣù Maafushi, kí ẹ gba yàrá lọ́wọ́ àwọn onílé. Ìlú mùsùlùmí ni. Ẹ má wá ọtí níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn “kò gba físà.” Barbados kò béèrè físà lọ́wọ́ wa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàálù wo ló máa gbé yín dé ibẹ̀? Ọ̀nà London tàbí Amsterdam ló wọ́pọ̀, méjèèjì ló sì ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, kódà bí ẹ kò tilẹ̀ jáde síta. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo gbogbo ibi tí bàálù máa bà sí. Ní ti Yúróòpù, owó físà Schengen jẹ́ yúrò 90, ó lé ní CFA 59,000, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ fún yín. Èrò tèmi ni pé ẹni tí àdánù owó yẹn bá máa dùn kó má tíì fi Yúróòpù sínú ìrìn àjò àkọ́kọ́.

Àwọn èèyàn á dárúkọ Ajala fún yín. Olabisi Ajala gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní 1952, ó tún gun alùpùpù kékeré kiri ayé, ìwé rẹ̀, *An African Abroad*, sì jáde ní 1963. Àmọ́ ojú ọ̀nà ló ti ń rówó: ó ṣe fíìmù, ó sì ń bá oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀. Físà àlejò òde òní kò gba iṣẹ́ láàyè. Gbogbo owó tí ẹ máa ná gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kí ẹ tó wọkọ̀ ní Cele, kí owó àbọ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ yín kò ti lè tètè tó o.

Ó ku báàgì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ máa ń kún, tòkunbọ̀ tó dára sì wà níbẹ̀. Ẹ fa sípù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ di nǹkan wúwo sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn wò kí ẹ tó náwó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù kì í gbà ju kílò 7 lọ́wọ́ èrò. Nínú bọ́ọ̀sì Lomé, báàgì tó bá lè jókòó lórí itan yín kì í sanwó ẹrù.