Ìwé Mọ́tò Olówó Pọ́ọ́kú Tí Mo Rà

Tíṣà ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, iṣẹ́ kan náà ni mo sì ń ṣe ní ìlú Ọ̀yọ́ níbí: mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, mo sì ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe jí ìwé wò nígbà ìdánwò. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kò bu iyì kún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, ẹlòmíràn yóò tún jìn sí kòtò tí mo jìn sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìwé ìnṣọ́ránsì Corolla tòkunbọ̀ tí mo ń wà parí. Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé mọ́tò. Kí n tó wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó lábẹ́ agbòjò pè mí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti sọ ọ́ di N15,000 nínú lọ́hùn-ún o. Ẹ mú N6,000 wá, iṣẹ́jú márùn-ún ni."

Mo bi í pé, "Ṣé ojúlówó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ọlọ́pàá tí yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìdáhùn náà dáadáa. N kò béèrè ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lọ́wọ́ rẹ̀. Etí mi gbọ́ ọ, ọkàn mi sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n mo san owó. Bí mo ti ń lọ sílé, mo ń ṣírò rẹ̀ pé mo ti jèrè N9,000.

Òjò ọjọ́ Sátidé

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, mo ń lọ sí Ìbàdàn láti ra ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Òjò ń rọ̀. Nígbà tí mo dé Mọníyà, ọkọ̀ Sienna kan tí ó wà níwájú mi tẹ búrẹ́ẹ̀kì lójijì. Èmi náà tẹ tèmi, ṣùgbọ́n mo ti sún mọ́ ọn jù, ọ̀nà sì ń yọ̀. Gbàù! Mo fi imú ọkọ̀ mi gbá a nídìí.

Ọlọ́run ṣeun, kò sí ẹni tí ó fara pa. Ìyá kan ni ó ni ọkọ̀ náà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó wà á. Èlùbọ́ ni wọ́n kó láti Ṣakí, wọ́n ń gbé e lọ sí ọjà Bódìjà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wó sínú, kò ṣeé pa dé mọ́, òjò sì ń rọ̀ sórí àpò èlùbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èlùbọ́, ẹ mọ ohun tí omi ń ṣe fún un.

Àwọn ènìyàn pé lé wa lórí. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn ń sọ pé, "Tíṣà, n kò wá ìjà. Èlùbọ́ mi ni kí ẹ wò."

Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ìgboyà pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ní ìnṣọ́ránsì. Wọn yóò tún ọkọ̀ yín ṣe, ẹ kò ní í san kọ́bọ̀." Ẹ gbà mí gbọ́, nígbà tí mo ń sọ ọ́, mo ti gbàgbé ọ̀dọ́mọkùnrin abẹ́ agbòjò.

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo mú ìwé mi, mo lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé náà, ní Dùgbẹ̀. Akọ̀wé obìnrin kan tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ń tu ọ̀fọ̀ nínú.

"Ẹ má bínú, sà. Nọ́ńbà yìí wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà kan ni a fi ṣe fún. Kì í ṣe mọ́tò yín."

Mo jókòó sórí àga tí ó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó oṣù mẹ́sàn-án.

Gbèsè tí mo jẹ

Ọ̀rẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n pa fóònù mi, ìyá náà kò mọ ilé mi. N kò lè ṣe é. Mo pè é, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ pé, "Háà, Tíṣà. Ẹ̀yin náà?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju èébú lọ.

Mo yá N400,000 ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Sienna, tòkunbọ̀, N120,000. Iná ẹ̀yìn méjèèjì, N28,000. Owó páńẹ́bítà àti ti ẹni tí ó kùn ún lọ́dà, N65,000. Owó èlùbọ́ tí omi bà jẹ́, N54,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ N267,000. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ ìyá náà fi wà nílẹ̀ tí kò fi lè ná ọjà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lórí ìyẹn. Ogún oṣù ni mo fi san gbèsè náà, N20,000 lóṣooṣù, yàtọ̀ sí èlé. Ẹ bá mi fi wé N9,000 tí mo sọ pé mo jèrè. Òògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé.

Ohun tí ìwé ojúlówó ń ṣe

Ìwé tí ó yẹ kí n rà ni wọ́n ń pè ní third party. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé tìtorí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ni a ṣe ń rà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹniẹlẹ́ni ni: ẹni tí ẹ bá kọlù ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, bí ara rẹ̀ ni ó gbọgbẹ́, tàbí ohun ìní rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n tún un tò ní 2003, wọ́n sì ṣe òfin tuntun ní 2025. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tí ń mójú tó iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ti gbé owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ara ẹni kúrò ní N5,000 sí N15,000. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé àǹfààní rẹ̀ náà sókè: ohun ìní ẹlòmíràn tí wọn yóò tún ṣe lè tó N3,000,000. Ẹ rí i pé bí mo bá ti san N15,000, owó àtúnṣe ọkọ̀ ìyá náà kò ní í wá sí ọrùn mi.

Ṣùgbọ́n kò ní í tún Corolla tèmi ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n tún ọkọ̀ tirẹ̀ náà ṣe, comprehensive ni yóò rà, èyí tí NAICOM ní kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá tó N3,000,000, N150,000 nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé èló ni ọlọ́kọ̀ yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ san nígbà ìjàm̀bá, nítorí wọ́n sábà máa ń yọ ọ́.

Ìmọ̀ràn mi

Èkíní, ẹ yẹ ìwé yín wò lónìí, kì í ṣe ní ọjọ́ ìjàm̀bá. Àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID. Ẹ lọ sí askniid.org lórí fóònù, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín. Bí orúkọ ọkọ̀ mìíràn bá jáde, tàbí tí ohunkóhun kò jáde, ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ náà kíákíá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti kéde pé àwọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà.

Èkejì, bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó fara pa ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán ọkọ̀ méjèèjì níbi tí wọ́n dúró sí, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti ìwé ìnṣọ́ránsì ara yín, ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ má ṣe ìlérí owó lójú títì bí mo ti ṣe. Ilé iṣẹ́ lè sọ pé àwọn kò mọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì kí ilé iṣẹ́ tó rán ẹni tí yóò wò ó. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀tọ́ yín dù yín, NAICOM ń gba ẹ̀sùn.

Ẹ̀kẹrin, ní ti àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú iwájú ọkọ̀ kí wọ́n tó dá iye. Páńẹ́bítà wo tèmi láti ìta, ó ní N130,000. Nígbà tí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, rédíétọ̀ ti fọ́, irin tí ó gbé e dúró ti wọ́; owó di N186,000. N133,000 ni ó kù lọ́wọ́ mi nínú owó tí mo yá, nítorí náà ọkọ̀ mi wà lábẹ́ igi níbẹ̀ títí di oṣù Kérésìmesì. Ẹ bá wọn lọ ra páàtì, ẹ gba èyí tí wọ́n yọ, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ má sì san gbogbo owó tán kí ẹ tó tan iná, kí ẹ tó wo omi rédíétọ̀, kí ẹ tó wà á yípo.

Mo ṣì ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ìyá náà ní Bódìjà. Nígbàkígbà tí mo bá dé ìsọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti kí ara wa tán, yóò bi mí pé, "Tíṣà, ìwé mọ́tò ńkọ́?" Èmi a yọ fóònù, a fi hàn án. Yóò wò ó, yóò mi orí, lẹ́yìn náà ni yóò tó wọn èlùbọ́ fún mi.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ lọ san owó tirẹ̀.