Ẹ Rìn Ná Kí Ẹ Tó Sáré: Òwúrọ̀ Sátidé ní Raji Rasaki Estate

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán ní Raji Rasaki Estate, Amuwo-Odofin, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kánfáàsì lẹ́sẹ̀ wọn. Bọ̀ọ̀dá tó ń kó wọn jọ, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni òun náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré. "Ẹ rìn ná," ló ń wí. Wọ́n ń rìn kánmọ́kánmọ́, wọ́n ń gbé orúnkún sókè, wọ́n ń yí èjìká àti ọrùn ẹsẹ̀. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ní kí wọ́n gbéra.

Àkókò yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Iṣan tí kò tíì gbóná lè fà já bí a bá sáré lójijì, ọkàn náà sì ń fẹ́ àyè láti yára díẹ̀díẹ̀. Ìdúró lójú kan láti na ẹsẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi ìyẹn sí ìparí eré.

Nígbà tí wọ́n kọjú sí ọ̀nà Apple Junction, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n gbà, kí wọ́n lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Ọmọbìnrin kan fi wáyà orin sí etí. Bọ̀ọ̀dá ní, "Yọ ọ́, àbúrò mi. O gbọ́dọ̀ gbọ́ fèrè Márúwá." Ọmọ náà yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí wọ́n ti ń sáré ni bọ̀ọ̀dá ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹni tó bá lè sọ gbólóhùn kan parí, eré rẹ̀ wà ní ìwọ̀n. Ọmọkùnrin kan fẹ́ dáhùn, ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ ni. Wọ́n ní kó padà sí ìrìn, ẹnikẹ́ni ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ni pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara dáadáa fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí eré tó ń mú iṣan àti egungun le sì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ 3 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti pé 18 nílò ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìrìn lọ sílé-ìwé, omi pípọn àti tẹn-tẹn wà lára rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ gbalasa kan, push-up ló kàn. Ìbàdí ọmọ kan ń rọ̀ sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní kó fi orúnkún kanlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ó sì ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mu píọ̀-wọ́tà lábẹ́ igi, kí oòrùn tó mú.

Síbẹ̀, ara líle nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣubú ní National Stadium, Sùúrùlérè, nígbà tí wọ́n ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù. Kò dìde mọ́. Ẹni tó le koko ni, àìsàn ọkàn ló sì pa á. Nítorí náà, ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́ bó bá ń sáré, ẹni tó ní ásímà tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí ẹnìkan bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ gírígírí, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, omi tútù ni kí ẹ fi sí i. Ẹ má fi omi gbígbóná ra á lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tí kò sáré rí, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú 10, kó fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lẹ́sìn gba gbogbo Sátidé lọ́wọ́ wọn: ara tó le ni yóò gbé ìwé náà dé òpin.