Virtual Machine Tí Ẹ Fẹ́ Ṣe: Ṣé Ó Nílò Desktop?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dá wàhálà sílẹ̀ nínú yàrá ìwádìí wa.

Wọ́n ní kí n ṣe virtual machine kan tí gbogbo wa ó máa fi yẹ dátà òjò wò. Kọ̀ǹpútà tí kò ní ara tirẹ̀ ni virtual machine: inú kọ̀ǹpútà mìíràn ló ń gbé, RAM onílé ló sì ń yá lò. Tí a bá to gbogbo ohun tí iṣẹ́ kan nílò sínú rẹ̀, tí a dì í sínú fáìlì kan ṣoṣo, a ń pè é ní appliance. Ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí VirtualBox kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo kó odindi desktop Ubuntu 22.04 sí i, torí ó rẹwà. Háà! RAM 4 GB ni àwọn tó ṣe é ní kó ní. Láptọ́ọ̀pù púpọ̀ nínú wa, 8 GB ló ní. Ìdajì ti lọ nìyẹn, Windows náà sì ń jẹ tiẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ẹnì kan dákú, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti àárọ̀ sì bá a lọ. Ojú tì mí gan-an.

Ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi ni pé: ta ló máa jókòó ti ojú ẹ̀rọ yìí? Tó bá jẹ́ QGIS tí wọ́n fi ń ya máàpù lẹ fẹ́ lò nínú rẹ̀, desktop tọ́ sí i. Àmọ́ ẹ̀rọ tó kàn ń tọ́jú dátà, SSH tí Tatu Ylönen ará Finland ṣe ní 1995 ti tó o. Gbogbo ohun tí ẹ bá kó sí i láìnídìí, ẹ̀yin lẹ máa máa ṣe àtúnṣe rẹ̀, olè sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wá bínú: “Ṣé o fẹ́ kí n máa tẹ àṣẹ sójú dúdú ni?” Ó jàre. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ojú tí a ń wò gbé inú ẹ̀rọ náà. Mo tún un ṣe pẹ̀lú Ubuntu Server tí kò ní desktop, mo fi Jupyter sí i, mo sì la ọ̀nà port 8888 sí láptọ́ọ̀pù. Ẹ̀gbọ́n kàn ṣí browser tiwọn, wọ́n tẹ localhost:8888, gbogbo àwòrán òjò yọ.

RAM 2 GB ni mo fún un báyìí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó fi desktop sí tiyín, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ló máa wò ó?